Ẹ Na Ìka sí Èyí Tó Wù Yín

Ilé ìwòran ẹja kan wà ní Festac, níbi tí èèyàn ti ń sanwó wọlé, kí ó wo ẹja nínú dígí, kí ó sì padà sílé rẹ̀ bó ṣe wá. Ní igun kan níbẹ̀ ni tábìlì Akínfẹ́nwá wà, pẹ̀lú wáyà, sípíkà àti kọ̀ǹpútà. Ó ti kàwé lórí ọpọlọ, ó sì fẹ́ kí gbogbo ará Amuwo-Odofin wá fetí ara wọn gbọ́ bí ọpọlọ àti iṣan ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn. Ará Amuwo-Odofin ò fẹ́ gbọ́. Láti ìgbà tí tábìlì náà ti dé, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì jókòó síbẹ̀, okùn bàtà ni onítọ̀hún sì fẹ́ so. Láàárọ̀ yìí ni Madam Dorothy tó ni ilé náà wá là á mọ́lẹ̀ fún un: bí ẹnikẹ́ni ò bá jókòó títí dé òpin kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lónìí, kí ó kó wáyà rẹ̀, kí ó máa lọ. Akínfẹ́nwá bá gbé pátákó tuntun síta, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ẸJA LÁÀYÈ. Ẹ WỌLÉ, Ẹ NA ÌKA SÍ ÈYÍ TÓ WÙ YÍN. Ọmọ tí wọ́n bí sí Festac, tó dàgbà sí Festac, ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn síta ní Festac o.

Ọjọ́ ti rọ̀ kí Àlhájà Rùkáyátù, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Ijegun-Egba, tó yà wọlé. Ó ń jẹ ṣíǹgọ́ọ̀mù, ó sì gbé kúlà oúnjẹ ńlá kan dání.

AKÍNFẸ́NWÁ: (ó yára dìde, àga rẹ̀ ṣubú) Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ káàbọ̀ o, Mọ́mì. Ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ ṣé gan-an ni.

ÀLHÁJÀ: Kí ni mo tíì ṣe tí o fi ń dúpẹ́ tó báyìí? Ṣé màá rí àyè jókòó?

AKÍNFẸ́NWÁ: Àyè wà dáadáa. Ẹ̀yin nìkan ni, mà.

ÀLHÁJÀ: Èmi nìkan? (Ó wo yíká.) Ibi ẹja tí kò sí èrò máa ń kọ mí lóminú. Ṣé àwọn ẹja yìí ò ti pẹ́ nílẹ̀ báyìí?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ara wọn le koko. Gbogbo wọn ló wà láàyè. Ẹ rí pátákó níta?

ÀLHÁJÀ: Òun ni mo rí tí mo fi bọ́ sílẹ̀. Mo ń ti Mazamaza bọ̀, àǹtí ọkọ mi sì ti Ìsẹ́yìn dé sílé mi láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìyá yẹn ò fojú rere wo ẹja inú yìnyín rí. Ó ní ẹja inú yìnyín ti gbàgbé pé òun jẹ́ ẹja.

AKÍNFẸ́NWÁ: Ìyá yẹn gbọ́n gan-an. Tí ẹja bá ti kú, iṣan rẹ̀ ò ní nǹkan kan láti sọ mọ́.

ÀLHÁJÀ: Kí ló ń sọ tẹ́lẹ̀?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ na ìka sí èyí tó wù yín.

(Àlhájà ń lọ láti dígí dé dígí. Ó ń wo ẹja kọ̀ọ̀kan bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó tuntun.)

ÀLHÁJÀ: Èyí tó ń dán yìí, egungun lásán ni.

AKÍNFẸ́NWÁ: Ọ̀dọ̀ ìyẹn ni gbogbo àwọn tí ò mọ nǹkan kan máa ń sáré lọ. Wọ́n á ní ó lẹ́wà.

ÀLHÁJÀ: Àlejò mi ò bá ti ẹwà wá. (Ó na ìka.) Èyí yẹn. Dúdú yẹn, tó sanra, tó kàn dákẹ́ sílẹ̀ yẹn.

AKÍNFẸ́NWÁ: (inú rẹ̀ dùn débi pé omi fẹ́ jáde lójú rẹ̀) Mọ́mì, ẹ lójú. Ẹja òjìjí nìyẹn. Òun lọ̀gá gbogbo wọn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbé tábìlì wá síbí.

ÀLHÁJÀ: Orúkọ yòówù kó máa jẹ́, ara rẹ̀ kún.

AKÍNFẸ́NWÁ: Ṣé ẹ mọ ohun tó kún ara rẹ̀? Iná ni.

ÀLHÁJÀ: Iná?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ara rẹ̀ ló ń ṣe iná fúnra rẹ̀. Kò nílò gáàsì, kò nílò jẹnẹrétọ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni kó mú iná wá.

ÀLHÁJÀ: Èyí fi hàn pé ẹ kì í fi gáàsì ṣe é níbí?

AKÍNFẸ́NWÁ: Gáàsì kẹ̀, Mọ́mì? Tiwa ti kọjá ìyẹn.

ÀLHÁJÀ: Kò sí èéfín?

AKÍNFẸ́NWÁ: Kò sí èéfín rárá.

ÀLHÁJÀ: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọ́ òórùn kankan látìgbà tí mo ti wọlé. Yóò pẹ́ tó báwo?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ogún ìṣẹ́jú péré, tí ẹ bá fara balẹ̀.

ÀLHÁJÀ: Ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìta yẹn, èèyàn á jókòó títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ọmọ mi, má fi ata sí i púpọ̀ o. Àǹtí ọkọ mi ní ọgbẹ́ inú.

(Akínfẹ́nwá rò pé Àlhájà ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n ti kọ́ ọ níléèwé pé kí ó máa bá àwọn aráàlú rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín ọ̀hún tán pátápátá.)

AKÍNFẸ́NWÁ: Kò sí ata, mà. A kì í fi nǹkan kan kan ara rẹ̀. Kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé à ń ṣe é.

ÀLHÁJÀ: Kò ní mọ̀ bí i ti báwo? Ṣé ẹ ti pa á tẹ́lẹ̀ ni?

AKÍNFẸ́NWÁ: A kì í pa nǹkan kan níbí, Mọ́mì. Láàyè ló máa wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

ÀLHÁJÀ: Láàyè. Dé òpin.

AKÍNFẸ́NWÁ: Tí ẹ bá ṣe tán pàápàá, á ṣì máa lúwẹ̀ẹ́ kiri ni.

ÀLHÁJÀ: Àsitagafúrúlàì. Lúwẹ̀ẹ́ nínú kí ni?

AKÍNFẸ́NWÁ: Nínú omi rẹ̀, mà.

ÀLHÁJÀ: Omi ọbẹ̀?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ọbẹ̀ wo?

ÀLHÁJÀ: Ọbẹ̀ tí mo gbé kúlà wá bù.

(Akínfẹ́nwá wo kúlà. Ó wo òjìjí. Ó tún wo kúlà. Ẹ̀rín tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

AKÍNFẸ́NWÁ: Mọ́mì, ibí yìí kì í ṣe pọ́íntì-án-kíìlì. Àwọn tó ń pa ẹja tí èèyàn bá na ìka sí, tí wọ́n á sì sè é fún un, wà ní ìta. Àwa ń wo ẹja ni.

ÀLHÁJÀ: Kí lo kọ síta?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹ na ìka sí èyí tó wù yín.

ÀLHÁJÀ: Ibo lo kọ ọ́ sí?

AKÍNFẸ́NWÁ: Festac.

ÀLHÁJÀ: Ìwọ náà, ọmọ ibo ni ẹ́?

AKÍNFẸ́NWÁ: (ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀) Ọmọ Festac.

ÀLHÁJÀ: Ọmọ Festac. Tí èèyàn bá na ìka sí ẹja láàyè ní Festac, kí ni wọ́n máa ń gbé wá lẹ́yìn náà?

AKÍNFẸ́NWÁ: Lọ́dọ̀ tèmi, ìmọ̀ ni.

ÀLHÁJÀ: Ìmọ̀. (Ó gbé kúlà rẹ̀ sí abẹ́ apá.) Ó dàbọ̀ o.

AKÍNFẸ́NWÁ: (ó ti sáré dé ẹnu ọ̀nà kí Àlhájà tó yí padà) Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi. Tí ẹ bá jáde báyìí, wọ́n á lé mi lónìí. Madam tó ni ibí sọ pé ó kéré tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sí tábìlì mi dé òpin. Ẹ wò ó, kò sẹ́lòmíì.

ÀLHÁJÀ: Gbogbo ìwé tí o kà yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì ọ́?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹ̀bi mi kọ́. Àwọn èèyàn àdúgbò yìí ni. Wọn ò fẹ́ ìmọ̀. Tó bá jẹ́ ìrẹsì ni mo gbé sórí tábìlì, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe máa ti ara wọn.

ÀLHÁJÀ: Ṣé ìrẹsì wà?

AKÍNFẸ́NWÁ: Kò sí ìrẹsì, mà.

ÀLHÁJÀ: Mo kàn bèèrè ni. (Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, àánú sì fẹ́ ṣe é.) Ó dára. Màá jókòó. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣe tán, dúdú yẹn ń bá mi lọ sílé.

AKÍNFẸ́NWÁ: Enoch?

ÀLHÁJÀ: Ta ni Enoch?

AKÍNFẸ́NWÁ: Òjìjí yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Nínú Bíbélì, Enoch ò kú. Ọlọ́run kàn mú un lọ láàyè ni. Mo ní kí ẹja mi náà má fojú kan ikú.

ÀLHÁJÀ: Lọ́dọ̀ tiwa, Ànábì Ìdírísù nìyẹn. (Ó mí kanlẹ̀.) O ti ba nǹkan jẹ́ fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé Ìdírísù kaná? Kí ló kù níbí tí kì í ṣe ànábì?

(Akínfẹ́nwá wo ẹ̀yìn. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ gbọ́.)

AKÍNFẸ́NWÁ: Àwọn epìyà kan wà nínú dígí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Wọ́n sanra. Wọn ò tíì ní orúkọ.

ÀLHÁJÀ: Wàá fún mi?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹ kọ́kọ́ jókòó dé òpin ná. A ó jọ wo ọ̀rọ̀ àwọn epìyà yẹn.

(Àlhájà jókòó. Akínfẹ́nwá yára ki wáyà bọ omi Enoch kí obìnrin náà má baà yí ọkàn padà. Sípíkà dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀: tà, tà, tà-tà-tà.)

ÀLHÁJÀ: Kí ló ń sọ?

AKÍNFẸ́NWÁ: Iná ara rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń pàṣẹ, iṣan ń gbé àṣẹ náà lọ, iná sì ń jáde.

ÀLHÁJÀ: Mo ní kí ló ń sọ.

AKÍNFẸ́NWÁ: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mà.

ÀLHÁJÀ: Ó ti gbọ́ pé mo gbé kúlà wá. Tó bá jẹ́ èmi náà ni, màá pariwo.

AKÍNFẸ́NWÁ: Irú iná kan náà wà nínú apá yín, ṣùgbọ́n tiyín kéré. Ẹ na ọwọ́.

(Ó lẹ bébà alẹ̀mọ́ pélébé mọ́ apá Àlhájà, ó so wáyà mọ́ ọn. Àlhájà di ẹ̀ṣẹ́. Sípíkà hó gooro. Ó tú u, sípíkà dákẹ́. Ó tún dì í. Ó tún tú u. Kí a má parọ́, ó gbàgbé kúlà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.)

ÀLHÁJÀ: Èmi nìyẹn?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹ̀yin ni, Mọ́mì.

ÀLHÁJÀ: Gbogbo ariwo yìí ló wà lára mi tí ọkọ mi ń sọ pé mi ò lágbára mọ́. (Ó tún di ẹ̀ṣẹ́.) Èyí dùn. Ìwọ ọmọ yìí, èyí dùn gan-an. Kí ló dé tí o ò kọ èyí sí pátákó?

AKÍNFẸ́NWÁ: Èyí ṣì jẹ́ eré ọmọdé. Orí gan-an ló kù. (Ó gbé bẹ́líìtì kékeré kan tó kún fún irin wẹ́wẹ́.) Iwájú orí yín la máa dè é mọ́.

ÀLHÁJÀ: Orí ta ni?

AKÍNFẸ́NWÁ: Tiyín, mà.

ÀLHÁJÀ: Mo bí ọmọ, mo ní àna, kí ọmọkùnrin tí mi ò mọ ìyá rẹ̀ wá máa fọwọ́ pa mí lórí ní Festac?

AKÍNFẸ́NWÁ: Mọ́mì, ẹ ò ní ṣí híjáàbù. Ọ̀rọ̀ pé orí jẹ́ nǹkan àwámárìídìí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ohun tó wà nínú orí, ẹran rírọ̀ àti iná díẹ̀ ni. Sáyẹ́ǹsì ti yanjú ẹ̀.

ÀLHÁJÀ: Ó dára. Ìwọ kọ́kọ́ dé e kí n rí i.

(Akínfẹ́nwá ń to wáyà tó ti tò tẹ́lẹ̀.)

ÀLHÁJÀ: Mo ní kí ìwọ kọ́kọ́ dé e.

AKÍNFẸ́NWÁ: Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ o. Wọ́n ta òróró sí mi lórí ní ìsọjí. Pásítọ̀ ní nǹkan àjèjì kankan ò gbọdọ̀ kan orí mi títí ọdún á fi parí.

ÀLHÁJÀ: Ṣé orí tìrẹ kì í ṣe ẹran rírọ̀ ni?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹran rírọ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n òróró wà lórí ẹ̀.

ÀLHÁJÀ: Èyí tó fi hàn pé látọjọ́ tí o ti gbé e wá, o ò dé e rí?

AKÍNFẸ́NWÁ: Mo ti kà nípa rẹ̀ dáadáa.

(Àlhájà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbátí tábìlì mú. Ó gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe bísímílà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ iwájú orí, lábẹ́ etí híjáàbù. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan gbéra, ó ń fò sókè, ó ń fò sísàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń lé e.)

AKÍNFẸ́NWÁ: Mọ́mì. Mọ́mì, ẹ wo nǹkan. Ẹ má mira. Mi ò rí irú èyí rí. Ọpọlọ yín ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Èrò tó jinlẹ̀ gidi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń rò?

ÀLHÁJÀ: Mi ò ro nǹkan kan.

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹ ń rò ó. Ẹ wo bí ó ṣe ń fò.

ÀLHÁJÀ: Ṣíǹgọ́ọ̀mù ni mò ń jẹ.

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹ dá ẹnu dúró ná.

(Àlhájà dá ẹnu dúró. Ìlà náà dùbúlẹ̀ gbalaja.)

ÀLHÁJÀ: Ó ti kú?

AKÍNFẸ́NWÁ: Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló ń gbọ́ látẹ̀ẹ̀kan. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lágbára ju ọpọlọ lọ, ó máa ń bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀.

ÀLHÁJÀ: Ìwọ náà ń kígbe pé èrò jinlẹ̀.

AKÍNFẸ́NWÁ: Mọ́mì, ẹ ṣáà máa jẹ ẹ́ lọ. Kámẹ́rà wà lókè yẹn, Madam Dorothy sì lè máa wò wá. Ó dáa kí ìlà yẹn máa fò.

(Àlhájà jẹ ṣíǹgọ́ọ̀mù fún ìtẹ̀síwájú ìmọ̀. Ìlà ń fò. Akínfẹ́nwá ń mi orí, ó ń ṣe bí ẹni tó rí nǹkan. Nígbà tó yá, ó tú bẹ́líìtì náà, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.)

AKÍNFẸ́NWÁ: A ti dé òpin. Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọlọ́run á bùkún yín.

ÀLHÁJÀ: Àmín. Ó ku àwọn epìyà.

AKÍNFẸ́NWÁ: Epìyà wo?

ÀLHÁJÀ: Àwọn tí wọn ò tíì ní orúkọ.

AKÍNFẸ́NWÁ: Àwọn yẹn. (Ó tún etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe.) Mo ní a ó jọ wo ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ wá, ká jọ lọ wò wọ́n. Ẹja Madam ni, mi ò lè fi ẹja ẹlẹ́ja tọrẹ. Ẹ̀rí ọkàn mi ò ní gbà á.

(Àlhájà wo ọkùnrin tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí yìí láti òkè dé ilẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, fóònù Akínfẹ́nwá dún.)

AKÍNFẸ́NWÁ: (sínú fóònù) Madam, ẹ káàárọ̀. Ẹ kúùrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n jókòó dé òpin. Ẹ fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀? (Ó fọwọ́ bo fóònù.) Mọ́mì, ẹ dákun. Wọ́n fẹ́ bi yín bóyá ẹ gbádùn ẹ̀. Ẹnu yín ni tábìlì yìí wà báyìí. Ẹ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ òtítọ́ tó dáa.

ÀLHÁJÀ: (ó gba fóònù, ohùn rẹ̀ dùn) Ẹ kú iṣẹ́, Madam. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Ọmọ dáadáa ni, ìwé tó kà ló kàn pọ̀ jù fún un. Ha, màá padà wá. Màá mú èrò wá pàápàá, gbogbo àwa ìyá Ijegun-Egba, títí dé Satellite Town. Pátákó yín ló fà mí wọlé. Èèyàn á na ìka sí ẹja, ẹja á sì fúnra rẹ̀ dá a lóhùn. Mi ò rí irú ẹ̀ níbòmíì. (Ó tẹ́tí.) Kí ló kù kí ẹ ṣe? Madam, nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Mo gbé kúlà wá, òfìfo ni mo sì ń gbé lọ sílé.

(Ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́. Ó ń mi orí. Ó ní "bẹ́ẹ̀ ni", ó tún ní "ata díẹ̀", ó sì dá fóònù padà.)

AKÍNFẸ́NWÁ: Kí ni wọ́n wí?

ÀLHÁJÀ: Ó ní tábìlì rẹ ò kúrò níbí mọ́.

AKÍNFẸ́NWÁ: (ó wó lulẹ̀ lórí eékún) Ẹ ṣé, Jésù. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ìmọ̀ á wọ ará àdúgbò yìí lára.

ÀLHÁJÀ: Ó ní kí o má yọ wáyà kankan. Ó ní àwọn oníbàárà á fẹ́ gbọ́ ohùn ẹja kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

AKÍNFẸ́NWÁ: Kí wọ́n tó ṣe kí ni?

ÀLHÁJÀ: (ó ti gbé kúlà rẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà) Ìkòkò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Tètè wá orúkọ míì fún Enoch.